Àgádágodo tí mo fi ti ìyá àgbà mọ́lé

Aago méjì òru ti kọjá kí fóònù mi tó dún. Ìbàdàn ni mo wà, Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti ń pè. Àbúrò bàbá mi ni. Ó ní, "Wọ́n ti rí Màámi o, fọkàn balẹ̀." Èmi tí wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀ kò tiẹ̀ tíì mọ̀ pé ìyá àgbà sọnù rárá.

Ọjà Akẹ̀sán làwọn ọlọ́dẹ ti bá wọn. Ẹ rántí pé iná jó ọjà náà lóṣù kìíní ọdún 2020. Iṣẹ́ àtúnkọ́ rẹ̀ ló ń lọ lọ́wọ́ lásìkò tí mò ń sọ yìí. Ìyá àgbà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì yanrìn, wọ́n ká ìró mọ́ra, wọ́n ní àwọn ń dúró de àwọn tó ń kó èlùbọ́ bọ̀ láti oko, pé ọkọ̀ wọn ti pẹ́ jù lónìí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti fi òwò èlùbọ́ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́dẹ náà ló dá wọn mọ̀, torí ìyá tirẹ̀ náà tajà ní Akẹ̀sán nígbà kan. Ká ní ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí ló kọ́kọ́ bá wọn níbẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa arúgbó obìnrin tí wọ́n bá rí níta lóru. Wọ́n á ní ẹyẹ ló já bọ́.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo gba Ọ̀yọ́ lọ. A ṣèpàdé ẹbí. Lẹ́yìn gbogbo àríyànjiyàn, ohun tá a fẹnu kò lé lórí ni pé ká ra àgádágodo. Èmi ni mo lọ rà á. Èmi náà ni mo fi ti ilẹ̀kùn yàrá ìyá àgbà láti ìta lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Èmi tí mo kàwé gboyè nínú ìmọ̀ òfin, tí mo mọ abala 35 ìwé òfin Nàìjíríà lórí! Abala náà ló ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi òmìnira ọmọnìyàn dù ú. Lóòótọ́, òfin yọ àwọn kan sílẹ̀. Ó ní wọ́n lè dá ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò dá ṣáṣá dúró, tó bá jẹ́ pé nítorí ìtọ́jú rẹ̀ ni, tàbí láti dáàbò bo ará ìlú. Mo wá ń bi ara mi léèrè: ṣé ìtọ́jú wá ni àgádágodo yìí, àbí oorun tèmi ni mò ń wá? Ìyá àgbà kan ilẹ̀kùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Wọ́n ń pe àwọn ọmọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àtààyè àtòkú.

Mo ka ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ṣáájú, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo fẹ́ wá fi ìwé tí mo kà bú àwọn ẹlòmíì ni. Mo mọ̀ pé ilé tí wọ́n ti ń ṣe ohun tí èmi ṣe yìí pọ̀ láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ títí dé Ògbómọ̀ṣọ́. A kì í sọ ọ́ síta ni.

Àrán ni, àjẹ́ ni, àbí àìsàn?

Àwọn baba wa mọ nǹkan yìí, wọ́n sì ní orúkọ fún un. Wọ́n á ní ìyá ń ṣàrán. Ibi tí ìṣòro wà ni pé a ti sọ ọ́ di ohun tó gbọ́dọ̀ bá gbogbo arúgbó, bí ewú orí. Àwọn dókítà ní kò rí bẹ́ẹ̀. Àrùn ni, ó máa ń ba ọpọlọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Dementia ni wọ́n ń pe gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ lápapọ̀. Àwa ń pè é ní àrùn ìgbàgbé. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni Alzheimer, tí wọ́n fi orúkọ Alois Alzheimer pè, dókítà ará Jámánì tó kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ lọ́dún 1906. Òmíràn máa ń tẹ̀lé àrùn rọpárọsẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọn kò tọ́jú. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní mílíọ̀nù 57 èèyàn ló ń bá a fà á lọ́dún 2021, èyí tó sì pọ̀ jù nínú wọn ń gbé láwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó lọ́wọ́ púpọ̀, bíi tiwa.

Bó ṣe máa ń ṣe rèé: ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ yìí á parẹ́ lọ́kàn ẹni, tàtijọ́ á sì mọ́lẹ̀ kedere. Ìyá àgbà lè jẹ àmàlà tán báyìí kí wọ́n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí wọ́n sọ fún àwọn aládùúgbò pé ìyàwó àbúrò bàbá mi ń febi pa àwọn. Àwọn kan gbà á gbọ́. Ọ̀rọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé náà ká. Ìyàwó tí ń wẹ̀ fún wọn, tí ń fọ aṣọ tí wọ́n tọ̀ sí, òun náà ni wọ́n ń wò bí ọ̀dájú.

Ṣùgbọ́n bí mo bá dọ̀bálẹ̀ kí wọn, wọ́n á kì mí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọ̀rọ̀ kan kì í yẹ̀. Oríkì bàbá mi ni wọ́n ń kì o, torí wọ́n rò pé bàbá mi ni mí. Bàbá mi sì ti kú tipẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sọ fún wọn pé ọmọ wọn ti kú, wọ́n sunkún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ìròyìn náà, nítorí pé lóòótọ́, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ ni. Nígbà kejì tí wọ́n kì mí, mo ní, "Ẹ ṣeun, Màámi." Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń jẹ́ bàbá mi nínú yàrá yẹn.

A gbé wọn lọ sórí òkè àdúrà, a gbé wọn dé ọ̀dọ̀ alágbo. N ò bú ẹnikẹ́ni, ẹni tí ń rì sínú omi kò ní ṣàì di ohunkóhun mú. Èyí tó dùn mí ni ibì kan tí wọ́n ti ní kí ìyá àgbà jẹ́wọ́, pé bí wọ́n bá ti jẹ́wọ́, ara wọn á yá. Kí ni wọ́n fẹ́ jẹ́wọ́? Ìyá tí kò rántí oúnjẹ àárọ̀, ṣé ó lè rántí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá?

Ìdíkàn ló kọ́ ayé

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nípa ọ̀rọ̀ yìí, mo rí ohun kan tó yà mí lẹ́nu. Ọ̀kan nínú àwọn ìwádìí tó lókìkí jù lágbàáyé lórí àrùn ìgbàgbé, ẹnu ọ̀nà wa níhìn-ín ni wọ́n ti ṣe é. Láti ọdún 1992 ni àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Indianapolis ní Amẹ́ríkà, ti ń lọ láti ojúlé dé ojúlé ní àdúgbò Ìdíkàn, wọ́n ń bá àwọn tó ti pé ọdún 65 sókè sọ̀rọ̀. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ògbóǹtarìgì nínú ìmọ̀ ọpọlọ, wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kó tó kú lọ́dún 1995. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì wà lára àwọn tó gbé e dé èbúté. Wọ́n fi àwọn Yorùbá Ìbàdàn wé àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà ní Indianapolis.

Lọ́dún 2001 ni wọ́n gbé èsì kan jáde nínú JAMA, ìwé àwọn dókítà Amẹ́ríkà. Nínú 1,000 àgbàlagbà, nǹkan bí 13 tàbí 14 ni àrùn náà ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn lọ́dún kan ní Ìbàdàn. Ní Indianapolis, ó lé ní 32. Inú mi dùn nígbà tí mo kà á. Àfi ìgbà tí mo rò ó síwájú. Bí ó bá kéré sí tàwọn ará Amẹ́ríkà, kò sọ pé kò sí. Èèyàn 13 nínú 1,000 lọ́dọọdún, ẹ kà á títí dé ọdún mẹ́wàá, kí ẹ wá kà á dé gbogbo agboolé tó wà láti Fìdítì dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀mí àwọn èèyàn wa sì ń gùn sí i, ohun tá a ń gbàdúrà fún náà nìyẹn, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà sì pọ̀ nígboro. Ìwádìí Ìbàdàn kan náà padà fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára ohun tí àrùn yìí ń tẹ̀lé.

Àwọn àgbà Ìdíkàn jókòó, wọ́n dáhùn ìbéèrè ọ̀pọ̀ ọdún, kí gbogbo ayé lè gbọ́n. Kí la wá fi ọgbọ́n náà ṣe fún wọn?

Lẹ́yìn ilé ìwòsàn, ibo ló kàn?

N kò ní sọ pé kò sí nǹkan kan. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2012 ni ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà tí wọ́n fi orúkọ Olóyè Tony Anenih pè ti wà ní UCH, Ìbàdàn. Ògbómọ̀ṣọ́ ní ilé ìwòsàn ńlá méjì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà: ti LAUTECH, àti ti Yunifásítì Bowen, èyí tí àwọn Onítẹ̀bọmi ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1907. Ẹ gbé wọn lọ síbẹ̀, ẹ má bẹ̀rù. Dókítà á yẹ̀ wọ́n wò bóyá ẹ̀jẹ̀ ríru ni, bóyá oògùn kan ni kò bá wọn lára mu, bóyá ìrònú ló sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀. Àwọn kan wà tí ìgbàgbé wọn ṣe é wò sàn.

Ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ àrùn ìgbàgbé gan-an, oògùn tó ń wò ó sàn kò tíì sí. Tí dókítà bá ti sọ̀rọ̀ tán, ẹ ó gbé ìyá yín padà sílé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n tún fẹ́ jáde. Ta ló máa jókòó tì wọ́n? Ohun tí ẹbí nílò nìyẹn, kò sì sí nínú ìwé oògùn.

Ní Èkó, ilé àwọn arúgbó wà ní Yábàá, ti ìjọba ni. Regina Mundi wà ní Mushin, ti ìjọ Kátólíìkì. Ta ló máa gbé ìyá rẹ̀ láti Ọ̀yọ́ lọ fi sí Mushin, níbi tí kò ti ní rí ojú kan tó mọ̀? Ní gbogbo oṣù tá a fi wá kiri, a kò rí ibì kankan lágbègbè wa tá a lè gbé ìyá àgbà sí láàárọ̀, ká lọ sí ibi iṣẹ́, ká lọ gbé wọn nírọ̀lẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ sọ ti bàbá rẹ̀ fún mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Gbogbo àárọ̀ ni bàbá náà ń múra, wọ́n á de táì, wọ́n á forí lé ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti kọ́ni nígbà kan. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà kò lé wọn. Ó ní kí wọ́n gbé àga sí abẹ́ igi fún wọn, àwọn ọmọ á kí wọn, bàbá á máa fi ìka ka àwọn ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń wọlé. Aago méjìlá ni ọ̀rẹ́ mi ń lọ gbé wọn. Kò sẹ́ni tó pe ibẹ̀ ní ilé ìtọ́jú, ṣùgbọ́n ìtọ́jú ni. Ọ̀gá náà kò ní wà níbẹ̀ títí láé, ẹni tó bá gba ipò rẹ̀ lè lé bàbá dànù lọ́jọ́ kan.

"Kò sí nínú àṣà wa"

Bí ẹnikẹ́ni bá dá ọ̀rọ̀ ilé ìtọ́jú sílẹ̀, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ nìyẹn. Àbúrò bàbá mi náà sọ ọ́ nínú ìpàdé wa: "Ṣé kí wọ́n máa sọ nígboro pé Màámi bímọ, wọn ò rẹ́ni tọ́jú wọn ni?" Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ọmọ òkété tó ń fọ́mú fún ìyá rẹ̀, inú ihò kan náà ni wọ́n jọ ń gbé. Agboolé wa nígbà èwe mi, ó kéré tán, èèyàn bí ọgbọ̀n ló ń jí níbẹ̀ láàárọ̀. Tí arúgbó bá ṣìnà, ọmọdé mẹ́ta á ti mú un padà. Lónìí, èèyàn márùn-ún ló kù, méjì nínú wọn ti lé ní àádọ́rin ọdún. Àwa yòókù wà ní Ìbàdàn, Èkó, àti ìlú òyìnbó.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti ìlú òyìnbó yẹn. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣí físà sílẹ̀ fún àwọn olùtọ́jú arúgbó ní oṣù kejì ọdún 2022, ẹ rántí bí àwọn ọ̀dọ́ wa ṣe ta ilẹ̀, ta mọ́tò, tí wọ́n fi lọ. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, wọ́n ní wọn ò lè mú ọkọ, aya àti ọmọ dání mọ́. Ní oṣù keje ọdún 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà pa fún àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wá láti òkèèrè. Àbúrò mi obìnrin wà lára àwọn tó tètè lọ. Ilé àwọn tó ní àrùn ìgbàgbé ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló kọ́ mi lórí fóònù bí wọ́n ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ fún wọn láìjẹ́ kí ìtìjú bá wọn. Ó ń wẹ̀ fún ìyá olóyìnbó, ìyá rẹ̀ àgbà sì ń kan ilẹ̀kùn tí mo fi àgádágodo tì ní Ọ̀yọ́. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. N kò dá a lẹ́bi o. Owó tó ń fi ránṣẹ́ la fi ń ra oògùn.

Ẹni tó ní ilé ìtọ́jú kò sí nínú àṣà wa, kó lọ bèèrè ọ̀rọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo. Ọmọ Abẹ́òkúta ni. Lọ́dún 1954, ní ilé ìwòsàn Arò, kò ti àwọn tí ọpọlọ wọn dà rú mọ́lé. Ó bá àwọn ará abúlé tó yí Arò ká sọ̀rọ̀, wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé, ìbátan kan tẹ̀ lé aláìsàn kọ̀ọ̀kan láti máa se oúnjẹ fún un, wọ́n ń gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn lójúmọmọ, wọ́n ń padà sáàárín èèyàn nírọ̀lẹ́. Gbogbo ayé wá wò ó. Ní Weesp, nílẹ̀ Netherlands, wọ́n ṣí abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Hogeweyk lọ́dún 2009 fún àwọn tó ní àrùn ìgbàgbé: bí mẹ́fà tàbí méje ń gbé inú ilé kan, ṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀, wọ́n ń rìn bó ṣe wù wọ́n, ẹnu ọ̀nà tó jáde nìkan ni wọ́n ń ṣọ́. Nígbà tí mo kà nípa rẹ̀, agboolé ni mo rí. Ohun tí àwa ní tá a jẹ́ kó wó, òun làwọn náwó kọ́.

Kí ni òfin wí?

Abala 16 ìwé òfin wa ní kí ìjọba rí sí ìtọ́jú ọjọ́ ogbó. Abala 17 ní kí wọ́n dáàbò bo àwọn àgbàlagbà lọ́wọ́ ìrẹ́jẹ àti ìpatì. Ó dùn ún gbọ́ létí, àbí? Ṣùgbọ́n abala 6 wá ní ilé ẹjọ́ kò lè bi ìjọba léèrè lórí nǹkan tó wà ní Orí Kejì yẹn. Àgádágodo wà lára òfin náà.

Kọ́kọ́rọ́ kan wà tí a kì í sábà lò. Ìwé àdéhùn ilẹ̀ Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, tí Nàìjíríà ti sọ di òfin ilẹ̀ wa lọ́dún 1983, sọ ní abala 18 pé àwọn arúgbó ní ẹ̀tọ́ sí ààbò àkànṣe. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ti sọ ọ́ lọ́dún 2000, nínú ẹjọ́ Abacha àti Gani Fawehinmi, pé àwọn kóòtù wa lè lo òfin náà. Abala 29 rẹ̀ wá kọjú sí àwa ọmọ: ó ní dandan ni ká tọ́jú òbí wa nígbà tí wọ́n bá nílò rẹ̀. Ẹrù náà wà lórí ìjọba, ó wà lórí wa. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, wọ́n buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun, tó rọ́pò èyí tí àwọn òyìnbó fi sílẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ gan-an jẹ́ òfin àwọn wèrè. Òfin ti yí padà lórí ìwé, ó ku ilé wa.

Ohun tí mò ń bèèrè lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kò pọ̀. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú yàrá kan ṣoṣo nínú ilé ìwòsàn alábọ́dé kan ní Ọ̀yọ́, ọ̀kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí a ti lè gbé àwọn àgbà sí láàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Kí wọ́n kọ́ àwọn obìnrin àdúgbò níṣẹ́ ìtọ́jú yìí, kí wọ́n sì sanwó fún wọn. Ẹni tó lè ṣe é ní Manchester lè ṣe é ní Òwódé. Èyí tó ṣe pàtàkì jù: kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣòfin lórí ẹni tó lè ṣí ilé àwọn arúgbó, kí àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò máa yọ sí wọn láìròtẹ́lẹ̀. Bí òwò yìí bá bẹ̀rẹ̀ láìsí òfin, àwọn tí yóò so arúgbó mọ́ bẹ́ẹ̀dì kò ní pẹ́ẹ́ dé.

Kí ìjọba tó gbọ́, ẹ jẹ́ ká ṣe èyí tó wà lọ́wọ́ wa. Ẹ máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín láti ìsinsìnyí, ẹ̀yin ọmọ ogójì ọdún. Ẹ rán nọ́ńbà fóònù mọ́ etí ìró ìyá yín. Ẹ fi ojú wọn han àwọn ọlọ́dẹ, àwọn ọlọ́kadà àti ìyá aláta tó wà níkòríta. Ẹ má bá wọn jiyàn lórí ohun tí wọn kò rántí. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tọ́jú wọn sinmi ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo ẹbí.

Alẹ́ mẹ́rin la fi ti ìyá àgbà mọ́lé. Ní ọjọ́ karùn-ún, ìyàwó àbúrò bàbá mi ló bá wa rí opó kan ládùúgbò tó gbà láti máa sùn tì wọ́n, a ń dáwó fún un lóṣooṣù. Ó gbé èlùbọ́ díẹ̀ sínú igbá fún wọn láti máa fọwọ́ pa láàárọ̀, wọ́n á máa ná an bí ẹni wà ní Akẹ̀sán. Wọn kò jáde lóru mọ́. Ọdún méjì lé díẹ̀ lẹ́yìn náà ni wọ́n kú, lórí ẹní wọn, ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Àwa ríbi gbé e gbà nítorí a rí obìnrin kan tó láàánú, a sì ní ọmọ tó wà lókè òkun. Ẹni tí kò ní èyí, tí kò ní tọ̀hún, àgádágodo ló kù fún un lórí àtẹ, n kò sì lẹ́nu láti bá a wí.